Ìgò Ẹrẹ̀ Tí Bàbá Àgbà Fi Sílẹ̀ Lójú Fèrèsé

Ìgò mọ́kàndínlógún ni bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ lójú fèrèsé yàrá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Omi odò Ọbà ló wà nínú gbogbo ìgò náà. Omi ti mọ́ lókè, ẹrẹ̀ ti jókòó sí ìsàlẹ̀, òwú dúdú kan sì wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ga dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí wọ́n ti Kàdúná wá sí ìsìnkú ti gbé méjì dání láti lọ dà wọ́n nù nígbà tí mo pariwo mọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ ariwo yẹn.

Bàbá Onígò ni wọ́n ń pe Bàbá. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ yẹn kò fi yìn wọ́n. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìyá mi àgbà ti ń ta edé, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe: ọkọ Ìyá Ẹlẹ́dé tó ń rọ odò sínú ìgò. Bàbá a máa dáhùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí ni pé ọjọ́ kan wà tí Bàbá lè gba ara wọn lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́ náà, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ojú mi ló ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn fi dùn mí, tí mo ń retí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún ọjà Akẹ̀sán.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá, torí àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀, wọ́n sì máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé agbede ojúgun, ìbáà jẹ́ oko, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibikíbi tí wọ́n bá dé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọn á fi ìka méjì fọ́ ọ, wọn á gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, àwọn àgbààgbà ilé ìyàwó ti tò sójú kan, wọ́n ń retí kí olórí ẹbí wa kí wọn. Bàbá ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, erùpẹ̀ ti wà nímú wọn. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa mí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n wo bàbá ìyàwó lójú, wọ́n ní: "Ilẹ̀ yín dára. Mo mọ̀ pé ọmọ yín náà á dára."

Tí ọkọ̀ bá ń gun afárá odò kan, fìlà Bàbá á ti kúrò lórí. Wọn á na ọwọ́ sí omi, wọn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí odò tí wọn kì í kí, kékeré tàbí ńlá. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Bàbá jọ ń lọ sí Ọ̀yọ́, obìnrin kan tó jókòó tì wá bi wọ́n bóyá odò ni wọ́n ń bọ. Obìnrin náà ò mọ̀ pé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Bàbá, àti pé wọ́n ti ń gba àpò ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bàbá ò bínú rárá. Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n ní: "Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyá. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ni mo ń kí."

Ohun tó jẹ́ kí Bàbá gbà pé odò ń ṣiṣẹ́ nìyí, ẹ má sì bá mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ. Ìgbẹ́ màlúù ló fà á.

Ẹ̀gbẹ́ odò Ọbà ni oko Bàbá wà ní Ìrẹsà. Ọ̀rẹ́ wọn kan ń bẹ ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, Àlàájì Sànúsí tó ń ta màlúù, òun ló ń jẹ́ kí Bàbá kó ìgbẹ́ màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ṣe ajílẹ̀. Bàbá á dì í sínú àpò, wọn á gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì fi ọwọ́ bo imú dé Ìrẹsà. Lọ́dún kan, kó tó di pé wọ́n bí mi, ọwọ́ yá Bàbá ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n kó àpò ìgbẹ́ tó ju ogójì lọ dà sí etí odò gan-an, níbi tí wọ́n fẹ́ gbin nǹkan sí. Àwọn ará oko ní ó sún mọ́ omi jù. Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Òjò ọjọ́ méjì péré ló rọ̀, odò kún, ó bo etí rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi fà sẹ́yìn, kò ku ìgbẹ́ kan tó tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yẹn mọ́ bí ilẹ̀ tí ìyàwó tuntun gbá.

Ìyá àgbà ló sọ èyí tó kù fún mi. Wọ́n ní àwọn rò pé Bàbá á ké ni, tàbí kí wọ́n bú ẹni kan. Bàbá kàn dúró létí omi, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ní: "Àṣàbí, níbo ló kó o lọ?"

Wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Nígbà yẹn, Ìyá àgbà máa ń bá àwọn ẹlẹ́dé Akẹ̀sán lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra ọjà. Bàbá ní àwọn á bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọbà ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà tó wà níhà Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà sì ń lọ pàdé òkun. Gbogbo afárá tí lọ́rì náà gùn, Bàbá ń yọ orí láti wo omi. Ó pọ́n rokoṣo, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pọ́n dé ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n rí i pé inú àwọn apẹja ń dùn, wọ́n jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Bàbá tọ àgbàlagbà kan lọ.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò rí i pé omi yín ti bàjẹ́ ni?"

"Bàjẹ́ kẹ̀?" Apẹja náà rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ló dé yẹn. Bí odò bá gbé pupa yìí wá, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá wo edé. Ọdún tí kò bá wá, àwọ̀n wa á kàn máa wẹ̀ ni."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Bàbá tún ń yọ orí wo omi títí ọkọ̀ fi kọjá Ìbàdàn. Ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí ìyàwó wọn lójú gbogbo ẹlẹ́dé, wọ́n ní: "Àṣàbí, èmi ni mo ń bọ́ edé tí o ń tà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín nínú lọ́rì yẹn ni mo rò pé ó bí orúkọ Bàbá Onígò. Torí láti ọdún náà lọ, nígbàkigbà tí odò bá kún jù lọ, Bàbá á bu ìgò omi kan, wọn á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kó tòrò, wọn á so òwú mọ́ ibi tí ẹrẹ̀ dé. Wọn á wá fi oríkèé ìka wọ̀n ọ́n. Òwú tó bá ga, edé á pọ̀. Òwú tó bá sún mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹlẹ́dé má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n tún fi igbó sílẹ̀ létí odò, igbó tó fẹ̀ tó yàrá méjì, wọn kì í ro ó, kí òjò má baà fọ gbogbo oko lọ. Àwọn ará oko ní ṣé Bàbá kọ́ ló ní àwọn ń bọ́ edé? Bàbá ní: "Mo ń fún odò ní tirẹ̀. Mi ò ní kó máa kó tèmi náà."

Ìjà Bàbá àti Ìyá àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tán bọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́ ni Ìyá àgbà ń gbé, nínú ilé bàbá wọn tí kò jìnnà sí Akẹ̀sán, torí ọjà ti gba gbogbo àkókò wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá wà. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Bàbá ń wọkọ̀ lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀, Múfú awakọ̀ ló ń bá wọn gbé ìjà wọn kiri. Bàbá á fún un ní ìgò ní páàkì Ògbómọ̀ṣọ́, Múfú á gbé e dé ìsọ̀ Ìyá àgbà, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bàbá ní kí n gbé omi ẹrẹ̀ fún yín, mà." Àwọn ẹlẹ́dé á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà á fi ìgò náà sábẹ́ tábìlì, ojú wọn á le. Èsì kan tí wọ́n fi rán Múfú wà tí gbogbo ẹbí wa mọ̀ lórí, Bàbá Délé sì ni wọ́n ń pe ọkọ wọn: "Sọ fún Bàbá Délé pé wọ́n bọ́ edé tán, kí wọ́n wá bọ́ mi."

Èmi náà bá Bàbá jiyàn rí. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, mo sì rò pé mo ti mọ ìwé. Mo bi olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní bàólójì, mo ń retí kó bá mi fi bàbá mi àgbà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ewé wínníwínní kan wà nínú omi tí ojú lásán ò lè rí, pé ọ̀rá ilẹ̀ tí àgbàrá bá fọ̀ kúrò lóko ni wọ́n ń jẹ, pé edé àti ọmọ ẹja ló sì ń jẹ àwọn náà. Ó ní bí odò ò bá gbé e dé lásìkò, ebi ni yóò máa pa wọ́n nísàlẹ̀ omi. Ara mi bù máṣọ. Mo sáré lọ bá Bàbá ní Sátidé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

"Ó ṣeun. Ṣé ó sọ pé ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mo bi í, Bàbá. Ó ní òun ò mọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Àdùnní, bá mi sọ fún un pé mẹ́ta ni."

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà ti di olórí àwọn ẹlẹ́dé Akẹ̀sán nígbà tí mò ń sọ yìí. Àṣà wọn ni pé olórí ló ń dá ọjọ́ Ẹ̀pẹ́. Kò sí ẹlẹ́dé tí yóò lọ ra ọjà ńlá ti ọdún kí olórí tó dájọ́, torí gbogbo wọn ló jọ ń gba lọ́rì kan, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń bọ̀. Bí ọjà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fojú fò ó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á yan ẹlòmíràn. Lọ́dún tó ṣáájú, Ìyá àgbà ti dájọ́ láìwo ìgò, ìdajì àpò ni gbogbo wọn sì gbé bọ̀. Àkókò tí gbogbo ẹnu ń pariwo SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ni, tí ohun gbogbo ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ fi ọjà ọdún dánwò.

Òjò ọdún yẹn pẹ́. Oṣù tó yẹ kí Ọbà pọ́n, ó mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá rán Múfú pé kí Ìyá àgbà má dájọ́ o, edé ò tíì jẹun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, Ìyá àgbà gbọ́. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin dúró. Oṣù kẹwàá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí odò tó kún. Bàbá bu ìgò wọn, wọ́n dúró de ọjọ́ méje, òwú náà ga ju oríkèé ìka méjì lọ. Inú wọn dùn débi pé wọn ò rán Múfú. Àwọn fúnra wọn gbé ìgò náà sínú báàgì, wọ́n wá sí Ọ̀yọ́ láti lọ ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹ́dé.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé, èmi náà wà lọ́dọ̀ Ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì bá ìjà nílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá àgbà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọ̀pọ̀ wọn, Ìyá àgbà náà sì ni, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn àwọn mìíràn. Ìyá Ṣadé ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni igbákejì olórí, òun náà ló sì kọ́kọ́ pe Bàbá ní Onígò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ló mú.

"Ìyá, ẹ ṣàlàyé fún wa," ló ń wí. "Oṣù kọkànlá rèé. Kérésì ń bọ̀. Àwọn oníbàárà wa ti ń bi wá bóyá a ti fi edé sílẹ̀. Ẹ ní ká dúró, a dúró. Kí la ń dúró dè gan-an?" Ó rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó wá dìde. "Àbí ìgò Bàbá náà ni?"

Ẹ̀rín sọ. Mo rí ọwọ́ Bàbá nínú báàgì, ó ti wà lọ́rùn ìgò.

"Tó bá jẹ́ ìgò ni, Ìyá, ẹ má bínú o," Ìyá Ṣadé ń bá a lọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Lọ́jọ́ Ajé, èmi á gba lọ́rì. Ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ dúró ti ìgò dúró tì í."

Ojú Ìyá àgbà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ogójì ọdún kọ́ ní Akẹ̀sán ló wà níwájú wọn yẹn. Bí àwọn obìnrin náà bá tẹ̀ lé Ìyá Ṣadé, ipò lọ, gbogbo wọn á sì tún gbé àpò òfìfo bọ̀. Mo rí i tí ojú wọn bọ́ sínú báàgì Bàbá tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n rí bí òwú ti ga. Wọ́n wá fọwọ́ lé àyà sùtánà wọn.

"A fi hàn mí ni," ni Ìyá àgbà wí. "Nínú àdúrà. A ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní."

Ẹnì kan ní, "Halelúyà." Ìyá Ṣadé tẹrí ba díẹ̀díẹ̀, torí òun náà kì í fi ọ̀rọ̀ ìran ṣeré. Mo kọjú sí Bàbá, mò ń retí kí wọ́n yọ ìgò. Mo mọ̀ pé wọ́n á yọ ọ́. Ta ni kò ní yọ ọ́? Bàbá wo ìyàwó wọn, Ìyá àgbà ò lè wo ojú wọn. Bàbá tú ọwọ́ wọn lára ìgò náà, wọ́n fa síìpù báàgì, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí olórí yín wí."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jẹun, wọ́n sì gbé ìgò náà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, lọ́rì Ẹ̀pẹ́ bọ̀, àwọn àpò edé ga ju orí rẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò ààfin. Ìyá Ṣadé ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, orin ló ń kọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ìran náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bàbá sì wá. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn ká sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ju àwọn tó ni ọpẹ́ lọ. Bí a ṣe ń jáde, ìyá kan rí wọn, ó ní, "Bàbá Onígò, ẹ rí iṣẹ́ Olúwa? Ẹ lọ da omi yẹn nù." Bàbá ní, "Mo rí i, ìyá. Ó tóbi."

Mi ò lè mú un mọ́ra. A dé ìdí ọkọ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé tí Bàbá jẹ́ kí àwọn èèyàn gba ògo wọn fún ẹlòmíràn, tí wọ́n tún wá ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lé e lórí. Bàbá ra ọsàn fún mi bí ẹni pé ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán.

"Àdùnní, ṣé edé dé àbí kò dé?"

"Ó dé, Bàbá."

"Àwọn obìnrin yẹn ò ní gbọ́ ti ìgò. Wọ́n gbọ́ ti Àṣàbí. Kí lo tún fẹ́ kí n gbà?"

Ohun tó yí padà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kéré, ṣùgbọ́n mo rí i. Ìyá àgbà ò fi Bàbá ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Edé tó tóbi jù nínú àpò, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣà á sí fún ọbẹ̀ Sátidé. Tí odò bá sì ti ń kún, àwọn gan-an ni wọ́n ń rán Múfú: "Bi Bàbá Délé pé òwú dé ibo." Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, òwú náà ni wọ́n fi dájọ́, àwọn ẹlẹ́dé sì ń dúpẹ́ ìran. Bàbá ò yọ ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún bàbá mi tó jẹ́ ọmọ wọn. Mo ń fi irú bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ yangàn láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Oṣù kẹjọ, lásìkò tí òjò sinmi díẹ̀, ni Bàbá kú. Àìsàn náà ò pẹ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn tí mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n bi mí bóyá Ọbà ti pọ́n. Mo ní kò tíì pọ́n. Wọ́n di ojú wọn. "Á pọ́n. Ẹ má kánjú."

Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, Ìyá àgbà wọ inú yàrá Bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wo àwọn ìgò tí mo fi ariwo gbà sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró níwájú èyí tí òwú rẹ̀ ga ju oríkèé méjì lọ. Wọ́n ní kí n gbé e, a ń lọ sí Akẹ̀sán.

Àwọn ẹlẹ́dé dìde kí wọn, wọ́n ń bá wọn kẹ́dùn. Ìyá àgbà ò jókòó. Wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sáàárín pátákó edé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ìran ni mo rí lọ́dún yẹn. Ìgò yìí ni mo rí. Bàbá Délé ló dá ọjọ́ náà, àwọn ló dá ti ọdún kejì àti ìkẹta. Mo fi Ẹ̀mí Mímọ́ purọ́ torí mi ò fẹ́ kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ mi, wọn ò já mi. Mo ti jẹ́wọ́ fún wòlíì wa. Ẹ̀yin ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ yan ẹlòmíràn, ẹ yàn án."

Ẹlẹ́dé kan tó ń wọn edé fún oníbàárà fọwọ́ mú ife, kò lè dà á. Ìyá Ṣadé bọ́ síwájú, ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo òwú náà pẹ́. Ó fi oríkèé ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yíjú padà, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ìgò tọdún yìí ńkọ́?"

Ìyá àgbà wò mí. Kò sí ìgò tọdún yìí. Kò sí ẹni tó rántí.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrẹsà lọ́jọ́ kejì. Ọbà ti kún, ó pọ́n, ó ń gbé ewé àti igi lọ, igbó tí Bàbá fi sílẹ̀ létí rẹ̀ ni mo sì dì mú kí n má baà yọ̀ ṣubú. Mo bu omi. Ọjọ́ méje ni mo fi sùn nínú yàrá Bàbá, tí mò ń wo bí ẹrẹ̀ náà ṣe ń jókòó, tí mo sì ń bẹ̀rù kí n má ṣì í wọ̀n. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo so òwú mọ́ ìgò, òwú náà sì ga, mo gbé e lọ sí páàkì.

Múfú fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ti gbé ìgò lójú ọ̀nà yẹn fún ọdún púpọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lé, kò fi í sábẹ́ ìjókòó.

"Anti, kí ni kí n wí fún wọn?"

"Wí fún wọn pé Bàbá Onígò ní kí wọ́n ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."